Ọdún Tí Ajá Bàbá Mi Sanra

Bàbá mi kì í fi ojú lásán wo ajá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú rẹ̀ pé ajá òun rù tàbí pé ó sanra, á ní kí wọ́n pe ajá náà wá, á fi orúnkún méjèèjì há a mọ́ra, á sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i ní ìhà, lọ́tùn-ún àti lósì. Ó ní irun ajá ń parọ́, ikùn rẹ̀ sì ń parọ́ ju irun lọ, nítorí pé aràn lè mú kí ikùn ajá tí ebi ń pa yọ bí agbè. Egungun ìhà nìkan ni kì í parọ́. Bí o bá fọwọ́ kàn án tí o lè kà á láìtẹ̀ ẹ́, ebi ń pa ajá náà. Bí o bá ní láti tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kí o tó rí i, ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n bí o bá wá a títí tí o kò rí i, ajá náà ti di ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀bi ẹni tó ni ín sì ni. Ọ̀dọ̀ bàbá tirẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ ní Akparé, abúlé wa nítòsí Atakpamé, ló ti kọ́ ọ.

Òun fúnra rẹ̀ kò ṣọdẹ jẹun. Ojú irin ló fi ìgbà agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pààrọ̀ igi tó bá ti jẹrà lábẹ́ irin láti Agbonou lọ sí apá Anié, nínú oòrùn, nínú òjò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ilẹ̀ díẹ̀ ní apá Kamina, ó ń gbin àgbàdo àti iṣu níbẹ̀, ó sì mú ajá kan tí yóò máa bá a lé ọ̀yà kúrò nínú oko. Ajá pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun. Kò sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń súfèé sí i ni, ajá náà sì mọ ìfé yẹn láàárín ẹgbẹ̀rún.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, nígbà tí ọdún 1980 ń sún mọ́, mo ti wọ ilé ọkọ, mo sì ti padà wá sílé bàbá mi, kì í ṣe nítorí ìjà. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí èbúté ní Lomé, òun àti àwọn ọkùnrin mìíràn ló jọ ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo. Ó ní kí n mú sùúrù títí òun yóò fi rí yàrá tiwa. Nítorí náà, èmi àti ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó wà ní Atakpamé lọ́dọ̀ bàbá mi. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ní Akparé, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti darúgbó kọjá kó dá gbé, oko ẹ̀gẹ́ wọn sì wà níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé, tí a bá ti ṣe Máàsì ọjọ́ Ìsinmi tán, ó tún di Akparé. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ bàbá mi ṣe di iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mo fẹ́ràn láti se oúnjẹ fún un. Ó máa ń jẹun lóun nìkan ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dojú kọ òkè. Bí mo bá gún iyán, mà á gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀, mà á bu omi ìfọwọ́ sí i, mà á sì lọ wẹ ọmọ mi. Nígbà tí mo bá padà, àwo á ti mọ́ féfé. Inú mi á dùn. Ó dá mi lójú pé bí mo bá lọ sí Lomé, á ṣàárò ọbẹ̀ mi.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àgbàdo ti yọ orí, kí n tó ṣàkíyèsí ajá náà. Ọrùn rẹ̀ ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú èjìká. Bó bá jókòó, awọ rẹ̀ á ká sí ìdí bí aṣọ tí a kò ká dáadáa. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde ni obìnrin tó bá wa pààlà ilé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà, tó ti pẹ́ ní Atakpamé débi pé ó ń bú èèyàn ní èdè Ewe.

Ó ní, "Ìyá Ìkókó, ajá yín yìí, ṣé kò ní pẹ́ bímọ?"

Mo ní, "Akọ ni, ìyá."

Ó pàtẹ́wọ́. "Akọ! Ẹ̀yin ará ibí mà ń jayé o. Ajá yín ń jẹ ohun tí ọkọ mi kò rí jẹ."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń ráhùn pé nǹkan òun sanra? Ẹran tó bá sanra ń yin ilé tó ti ń jẹun ni. Mo tilẹ̀ rò pé mo ní ìpín nínú ìyìn náà.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ti oko dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀yà kan jáde nínú ebè iṣu, ó gba iwájú ajá kọjá, ajá sáré díẹ̀, ó jókòó, ó yọ ahọ́n síta, ó ń wo ọ̀yà bí ẹni ń wo ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ń retí kó pe ajá náà kó fọwọ́ kan ìhà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò pè é. Ó wọlé lọ sùn ní ọ̀sán gangan.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n kéde pé kí gbogbo ẹni tó bá ní ajá mú un wá gba abẹ́rẹ́ kí ó má bàa di ajá dìgbòlugi. Bàbá mi mú tiwa dání, èmi náà pọn ọmọ tẹ̀lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí à ń pè ní dókítà ẹran ló ń gún wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó kan wa, ó gún ajá náà tán, ó wá dì í mú, kò jẹ́ kó lọ.

Ó bi bàbá mi pé, "Bàbá, ta ló ń bọ́ ajá yìí?"

Bàbá mi fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì gba orí oríkèé ìka náà. Bí ìhà ajá bá rí gbágungbàgun bẹ́ẹ̀, ó rù. Ó dáa. Ẹ tẹ́ ọwọ́ náà, kí ẹ fọwọ́ kejì ra ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Ẹ rí eegun, ẹran díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀? Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ wá yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ tẹ ìdí àtàǹpàkò. Ẹ fọwọ́ kan ajá yín báyìí, kí ẹ sọ èyí tó jọ fún mi."

Mo fọwọ́ kàn án. Ìdí àtàǹpàkò ló jọ. Mo wá egungun, n kò rí i.

Ó ní, "Ẹ dúró tì í kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè. Ìbàdí rẹ̀ dà? Ó yẹ kó tín-ín-rín níbi tí ìhà ti parí. Ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kí ikùn rẹ̀ gòkè lọ sẹ́yìn. Èyí rọ̀ sílẹ̀ gbalaja. Oúnjẹ ti pọ̀ jù. Bó bá ń lọ báyìí, oríkèé á máa dùn ún, ọkàn rẹ̀ ò ní lè gbé e." Ó wá gbójú sókè wo bàbá mi nínú kóòtù kákí ojú irin tó wọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ẹ gbà díẹ̀ nínú oúnjẹ ajá, kí ẹ fi kún tiyín."

Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ló rẹ́rìn-ín jù, ó rín in títí ó fi di ikọ́, tó fi ní láti jókòó sórí gbòǹgbò igi kí a tó lè máa lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dín oúnjẹ ajá kù. Ìyókù ọkà àgbàdo àti orí ẹja ni mo ń fún un tẹ́lẹ̀. Mo dá a sí ìdajì. Nígbà tí n kò rí ìyàtọ̀, mo ní òwúrọ̀ nìkan ni yóò máa jẹ. Ajá tí ebi ń pa kì í kúrò nídìí ààrò, á máa wo ọwọ́ èèyàn. Èyí kò wo ọwọ́ mi. Ó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi ni, ó ń sanra sí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn ará àdúgbò. Mo lọ bá obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fún ajá wa lóúnjẹ mọ́.

Ó la ojú sílẹ̀. "Èmi? Èmi tí mò ń sá fún itọ́ rẹ̀ kí àlùwàlá mi má bàa bàjẹ́? Ìyá Ìkókó, ẹ wá a lọ sí ibòmíràn."

Ìyá mi dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó rí ajá náà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kò mí lójú. "Ìwọ ni. Ọwọ́ rẹ ti wúwo jù. O ń se oúnjẹ bí ẹni pé ogun ọkùnrin ló wà nínú ilé yìí, o wá ń da èyí tó kù sí ajá lẹ́nu."

Mo ní, "Ìyá, kò sí èyí tó ń kù. Bàbá ń jẹ ẹ́ tán."

"Bàbá rẹ? Iyán tí o ń gún yẹn?"

Bàbá mi wà ní ìtòsí, ó ń gbẹ́ eèkù ọkọ́. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Fi ọmọ sílẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ dára." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bàbá mi kì í yin oúnjẹ, nítorí náà mo gbé ìyìn yẹn sọ́kàn, n kò sì wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe rí lójú wa nígbà náà. Bàbá mi kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ń jí, ó ń lọ sóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ ti wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àgbà wo ni kì í wọlé? Kóòtù kákí yẹn kò kúrò lára rẹ̀, ó ní òtútù òkè ń mú òun, òtútù sì ń mú gbogbo wa lásìkò òjò yẹn.

Ọjọ́ tí mo mọ̀, mo gbé ọmọ mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn Sísítà. Mo ti gbé oúnjẹ bàbá mi sílẹ̀ kí n tó jáde. Èrò kò pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ní ó ń dàgbà dáadáa, mo sì tètè padà. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé nítorí ẹrẹ̀ tó wà níwájú ilé, ọmọ ti sùn lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ mi kò dún.

Bàbá mi jókòó sórí àpótí, àwo iyán wà lórí itan rẹ̀. Ajá náà jókòó níwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè kékeré kan, kò ju orí ìka lọ, ó fi kan ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ó ń gbé e kiri ní ẹnu. Ó na ọrùn, ó di ojú, ó gbìyànjú láti gbé e mì. Kò lọ. Ó tún gbìyànjú. Omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó wá pọ̀ ọ́ sí ọwọ́, ó nà án sí ajá, ajá sì lá a jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà kò gbìyànjú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyán náà lókèlè lókèlè, òkèlè tó tóbi bí tọkùnrin, ó ń fi ajá lẹ́nu. Nígbà tó tán, ó gbé abọ́ ọbẹ̀, ó ń fà á mu díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sinmi láàárín.

N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó yíjú, ó rí mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, láti ìgbà wo?"

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Láti ìgbà tí à ń gbin àgbàdo."

Àgbàdo tí à ń sọ yìí, a ti ká a, ó ti gbẹ lórí àjà.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Mo ti rí irú rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbé e kiri títí dé Cotonou, wọ́n ta ilẹ̀, ó sì kú náà. Ìyá rẹ ní ìyá tirẹ̀ láti tọ́jú. Ìwọ ní ọmọ ọwọ́." Ó ti àwo tó ṣófo náà sọ́dọ̀ mi. "Bí mo bá sì dá oúnjẹ padà fún ọ, o ò ní sùn."

Mo sunkún débi pé ọmọ jí lẹ́yìn mi. Ó ní kí n fún ọmọ lọ́mú.

Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi, ó dé lọ́jọ́ kejì. Kò ké, kò bínú. Ó mú bàbá mi wọ yàrá, ó ní kó bọ́ kóòtù náà kúrò. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ kàn án ní ìhà, ó sì yára gbé ọwọ́ náà kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Ilé ìwòsàn ní Atakpamé ní kí a gbé e lọ sí Lomé. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i ní Agbonou, kò kọ́kọ́ dá a mọ̀, nígbà tó dá a mọ̀ tán, ó lọ bá wa wá àyè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá mi ń wo ojú irin lọ títí, ó ń tọ́ka sí àwọn ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Lomé sọ fún wa pé nǹkan kan ti hù sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì ti dàgbà. Mo bi í léèrè ohun tí mo ti ń gbé sọ́kàn láti ilé.

"Bí a bá ti gbé e wá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó ní, "Bóyá." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó lè má yàtọ̀ náà." Èyí tó kọ́kọ́ sọ ni mo gbé padà sílé.

Ẹ̀kọ tí a pò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wàrà àti omi ẹran ló kù tó lè wọlé sí i lára. Ìyá mi kò padà sí Akparé mọ́, ó ní kí àbúrò rẹ̀ lọ máa wo ìyá wọn. Òun ni ó ń fi ṣíbí fún bàbá mi ní ẹ̀kọ, kò sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi tán. Ajá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí iyán mọ́, oúnjẹ òwúrọ̀ tí mo ti dín kù nìkan ló ń jẹ, ìbàdí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi súfèé, ìfé tí kò lágbára, ajá wọlé. Ó na ọwọ́ láti orí ẹní, ó fọwọ́ ra ìhà rẹ̀ lọ, ó fọwọ́ ra á bọ̀.

Ó ní, "Ó ti dáa báyìí. Ẹ má jẹ́ kó rù kọjá èyí."

Inú mi ìbá dùn bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló bá wa sọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tó kú, a sì sin ín ní Akparé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mú ṣòkòtò kan, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ wò. Ọkùnrin tín-ín-rín ni àbúrò bàbá mi yìí, bàbá mi fi ẹran ara jù ú lọ lọ́nà tó jìnnà. Ṣòkòtò náà kò pa dé nídìí rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó yí inú rẹ̀ síta. Wọ́n ti ká ìbàdí ṣòkòtò náà sínú, wọ́n rán an, wọ́n tún ká a, wọ́n tún rán an. Òwú dúdú tí a fi ń rán ẹnu àpò àgbàdo ni. Ojú abẹ́rẹ́ tóbi, ó wọ́, ó rí bí iṣẹ́ ẹni tí kò rán aṣọ rí.

Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ń fọ ṣòkòtò yìí. Bí mo bá ti Akparé dé, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́." Ó jókòó sílẹ̀, ó ń tú òwú náà, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé bàbá mi ti ta á ní kókó púpọ̀.

Ọkọ mi rí yàrá ṣáájú òjò tó tẹ̀ lé e, mo kó lọ bá a. Ìyá mi mú ajá lọ sí Akparé, ajá náà gbé ọdún púpọ̀ sí i níbẹ̀ kí ó tó darúgbó kú. Wọ́n ní kò tún sanra mọ́.

Èmi àti ìyá mi kò sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tí mo sè lọ́dún náà. Kò dá mi lẹ́bi, n kò sì dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa. Ìgbà kan ṣoṣo ló súnmọ́ ẹnu rẹ̀. Ó wá kí wa ní Lomé, mo gbé oúnjẹ fún ọkọ mi, mo sì ń lọ sẹ́yìn lọ fọ ìkòkò.

Ó ní, "Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ fọ ìkòkò, Ìyá."

"Ìkòkò kò ní sá lọ. Jókòó tì í."

Mo jókòó. Òun náà fa àpótí, ó jókòó. Ọkọ mi dá òkèlè dúró lọ́wọ́, ó ń wo ojú mi, ó ń wo ojú ìyá mi, ó sì bi wá bóyá ohun kan wà nínú ọbẹ̀.